Ìyórúkọpadà àti Ìṣínípò: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáàrà
Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a lò bí a bá ń kọ́ni láti yí orúkọ fáìlì padà lórí ìlà àṣẹ, èyí ni ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ kíkọ.

2.0 Bí iṣẹ́ náà ṣe rí
Nínú ètò Unix àti Linux, orúkọ fáìlì kò sí nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Inú ìwé-orúkọ ni ó wà, bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wà nínú ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ. Nọ́ńbà kan ni ó so orúkọ náà mọ́ fáìlì. Bí a bá yí orúkọ padà, nọ́ńbà yìí kì í yí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kọ sínú fáìlì kì í yí. Nítorí náà, àṣẹ kan ṣoṣo, mv, ni a fi ń gbé fáìlì lọ sí ibòmíràn tí a sì fi ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní ti MS-DOS àti Windows, ren ni àṣẹ tí ó wà fún orúkọ nìkan.

3.0 Ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó
Bí a bá tẹ ren ewì1 ewì2, tí ewì2 sì ti wà tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ mv ewì1 ewì2, ewì2 ti àtijọ́ yóò parẹ́ láìsí ìkìlọ̀, àfi bí a bá fi àmì -i kún un kí ó lè kọ́kọ́ bi wá. Báyìí ni àtòjọ ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi oṣù mẹ́ta kó jọ ṣe ṣòfò, nítorí pé 'yí orúkọ padà' ni mo gbà pé mv túmọ̀ sí.

A dábàá, nígbà náà, pé kí ren jẹ́ ìyórúkọpadà, kí mv sì jẹ́ ìṣínípò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìṣínípò yóò bèèrè ẹni tí ó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀.

4.0 Àmì orí ọ̀rọ̀
Ìṣòro kan kan àwa tí a ń kọ Yorùbá. A lè fi ọ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́, kí a wá fi àmì ohùn lé e. A sì lè fi ó bẹ̀rẹ̀ kí a tó fi àmì sísàlẹ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni lójú Linux. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun kò rí fonọ́lọ́jì, kí a tẹ f, kí a sì tẹ bọ́tìnì Tab, kí ó fúnra rẹ̀ parí orúkọ náà.

5.0 Ìkádìí
Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣẹ ls, tí ń ka ìwé-orúkọ síta, kí ó tó kọ́ ọ ní mv.