Ìtọ̀ Gbígbóná Kì Í Ṣe Àtọ̀sí Nígbà Gbogbo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ, ìtìjú náà sì ti tú ilé púpọ̀ ká. Bí obìnrin bá jí lówùúrọ̀ tí ìtọ̀ ń ta á bí ata, tí ó ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìgbà mẹ́wàá kí oòrùn tó kan àtàrí, tí èyí tí ó ń rí tọ̀ kò sì ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ará ilé ní fún un: àtọ̀sí. Àrùn alágbèrè ni gbogbo ènìyàn sì mọ àtọ̀sí sí. Ọkọ a bèèrè ibi tí aya rẹ̀ ti kó o. Aya a dáhùn pé bí kò bá ṣe lára ọkọ, òun kò mọ ibòmíràn. Ẹjọ́ náà a dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ, a dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tàbí lémọ́ọ̀mù, nígbà mìíràn a tilẹ̀ dé kóòtù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ìtọ̀ náà dé iwájú ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

A kò sọ pé kò sí àtọ̀sí o. Ó wà, kòkòrò tí ó ń fà á sì ni Albert Neisser, ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1879. Ìbálòpọ̀ ni a fi í kó o. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń gbóná fún kò ní i rárá. Kòkòrò mìíràn ni ó wọ àpò ìtọ̀ wọn, inú ìfun ara wọn ni ó sì ti wá. Theodor Escherich, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ni ó kọ́kọ́ rí i nínú ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ ní 1885, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní: Escherichia coli. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò sí nínú ìfun rẹ̀, ọba àti ìwọ̀fà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ilé rẹ̀, kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí ó bá rìn láti ihò ìdí dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, tí ó sì gun òkè dé inú àpò ìtọ̀, ni wàhálà dé. Nínú obìnrin mẹ́rin tí ó ní àrùn yìí ní ọ̀nà tí kò le, ó kéré tán mẹ́ta ni ó jẹ́ pé òun ni ó fà á. Klebsiella, Proteus, Enterococcus àti àwọn mìíràn ni ó pín ìyókù.

Àwọn ará ìlú ńlá tún ní àlàyé tiwọn: wọ́n ní ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò ni a ti ń kó o. Ilé ìyàgbẹ́ tí ó dọ̀tí kò dára, àwa kò sì ní gbè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lára ìjókòó kọ́ ni ó ń fò wọ inú àpò ìtọ̀. Ẹrù tí a ti gbé láti ilé ni.

Kí ni ó dé tí obìnrin fi pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe? Ọ̀nà kúkúrú ni. Òpó tí ìtọ̀ obìnrin ń gbà jáde kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin sì tó 20. Ẹnu ọ̀nà náà sì súnmọ́ ihò ìdí. Ìbálòpọ̀ a máa ti kòkòrò wọlé, àní láàárín tọkọtaya tí kò mọ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun. Kí ọkọ tí ó ń fi ọwọ́ gbá àyà rí i pé ibùsùn òun gan-an lè jẹ́ ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọlé, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dá, ara obìnrin a tún padà di aláìlágbára sí i. Ní ti ọkùnrin, ọjọ́ ogbó ni tirẹ̀ sábà máa ń dé, nígbà tí ẹṣẹ́ pròsítéètì bá wú tí ó sì dí ọ̀nà, tí ìtọ̀ kò lè tán nínú àpò rẹ̀ mọ́. Omi tí kò ṣàn ni kòkòrò fẹ́. Àtọ̀gbẹ, òkúta inú kíndìnrín, àti rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn tún wà lára ohun tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Àwọn ìyá ọjà wa ní àṣà kan tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Nítorí pé ibi tí a ó ti tọ̀ jìnnà sí ìsọ̀, wọ́n kì í mu omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Bulgaria, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: obìnrin 140 tí àrùn náà ti ń padà ṣe, tí wọn kì í sì í mu omi púpọ̀, ni a pín sí méjì. A ní kí apá kan fi lítà kan ààbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́. Ní ọdún kan, iye ìgbà tí ó ṣe àwọn tí kò fi omi kún un jẹ́ 3.2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn tí ó fi kún un jẹ́ 1.7. Omi lásán ni o!

Ti aboyún ni ó ń bani lẹ́rù jù. Oyún a máa mú kí àwọn òpó tí ó ti kíndìnrín wá dẹ̀, ilé ọmọ a sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, tí ìtọ̀ fi ń lọ́ra. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ aboyún láìsí ìrora kankan, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, nínú mẹ́rin irú wọn, ó lè dé kíndìnrín ọ̀kan. Nígbà náà ni ibà gbígbóná, òtútù, èébì àti ìhà ríro yóò dé, tí àwọn ará ilé yóò máa se àgbo ibà fún un. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ aboyún tí ara rẹ̀ le koko. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe aboyún, tí nǹkan kan kò sì ṣe é, kì í sábà nílò oògùn nítorí kòkòrò inú ìtọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí yàrá àyẹ̀wò. Ọwọ́ aláìsàn ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgò oògùn ikọ́ àtijọ́ tàbí ike òróró kò yẹ. Ike tí ilé àyẹ̀wò fún ni, tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, ni kí a lò. Kí a fi omi fọ ojú ara, kí a jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ ṣàn dànù, kí a gbe èyí tí ó wà láàárín, kí a sì gbé ike kúrò kí ó tó tán. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń gbá pàǹtí ẹnu ọ̀nà lọ; bí a bá dà á pọ̀, oríṣi kòkòrò mẹ́ta mẹ́rin ni yóò hù, a kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn èyí, kí a má ṣe gbé e kiri. Bí àyè bá gba Escherichia coli, ọ̀kan a máa di méjì ní ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ èlé, ẹ ṣírò rẹ̀: 1 di 8 ní wákàtí kan, ó di 64 ní wákàtí méjì, ó di 4,096 ní wákàtí mẹ́rin. Ìtọ̀ tí ó bá ọ lọ sí ọjà kí ó tó dé ilé àyẹ̀wò lè sọ aláìlárùn di alárùn lórí ìwé. Láàárín wákàtí méjì ni kí ó dé, tàbí kí a fi í sínú fíríìjì.

Wọn a kọ́kọ́ ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lẹ bébà mọ́ bọ inú rẹ̀. Àwọ̀ bébà kan a yí padà bí ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jà bá wà níbẹ̀. Òmíràn a yí padà bí kòkòrò bá ti sọ náítíréètì di náítíráìtì. Ọ̀pá yìí yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ ìkẹyìn, nítorí àwọn kòkòrò kan, bí Enterococcus, kì í ṣe iṣẹ́ yẹn rárá. Lẹ́yìn náà a ó fi ẹ̀rọ yí ìtọ̀ bí òkòtó, a ó sì wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nínú maikirosíkóòpù. Níbẹ̀ ni a ti ń rí àtọ̀sí ajá pẹ̀lú, èyí tí í mú kí àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tọ ẹ̀jẹ̀, bí ó ti ń ṣe àwọn ará abúlé tí ó yí adágún Oyán ká lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ẹyin aràn ni a ń rí níbẹ̀, ẹyin náà sì ní ẹ̀gún ní ìdí. Oògùn tí ń pa Escherichia coli kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Èyí tí ó gba sùúrù ni gbígbìn. A ó fi wáyà tí a ká lórí, tí kò lè gbé ju ìdá kan nínú 1,000 mìlílítà, fa ìtọ̀ sórí oúnjẹ kòkòrò tí ó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo pẹlẹbẹ, a ó sì fi í sínú àpótí olóoru tí ó wà ní ìwọ̀n 37 di ọjọ́ kejì. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan a di agbo tí ojú lè rí. Bí agbo bá jẹ́ 100, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1,000: 100,000 ni ó wà nínú mìlílítà kan. Iye yìí ni Edward Kass ti Boston fi ṣe òṣùwọ̀n ní 1956 láti ya àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí lásán. Lóde òní, bí ìrora bá ń ṣe obìnrin, iye tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè tó láti gbà pé àrùn ni.

A ó tún to oògùn oríṣiríṣi yí kòkòrò náà ká, láti wo èyí tí yóò sá fún. Lórí ìwé àbájáde, lẹ́tà S ni èyí tí ó ń pa á. R ni èyí tí ó ń fi ṣẹ̀sín. R ti pọ̀ nísinsin yìí, nítorí kápúsù méjì méjì tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé igbá oògùn kiri. Ẹni tí ó bá ti gbé irú rẹ̀ mì kí ó tó gbé ìtọ̀ wá, kí ó sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò, nítorí àwo lè wà lófo nígbà tí àrùn ṣì wà nínú àpò ìtọ̀. Àbájáde a máa tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó jáde; bí ibà bá ti wọ̀ ọ́, tàbí bí aláìsàn bá jẹ́ aboyún, dókítà kì í dúró dè é kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, a ó kàn pààrọ̀ rẹ̀ bí ìwé bá sọ pé kò bá a mu.