Ọ̀rọ̀ Kan, Iṣẹ́ Púpọ̀: Àpẹẹrẹ láti Ọjà Olúwo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti í ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èdè rí. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe láìyí padà, ọ̀rọ̀ Yorùbá lè ní láti pààrọ̀ aṣọ kí ó tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ọjà ẹja tí ó wà létí ọ̀sà, kí a fi ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Nínú “The fish is big”, ọ̀rọ̀-orúkọ ni “fish”. Nínú “They fish at night”, ó di ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú “fish market”, ó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn. Ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀. Ipò tí ó wà nínú gbólóhùn ni ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ní Yorùbá ńkọ́? Kò sí ẹni tí yóò sọ pé “Wọ́n ń ẹja”. A ní láti fi “pa” ṣáájú: “Wọ́n ń pẹja”. Bí a bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà, a ó fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún un, yóò di “apẹja”. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni “ẹja pípa”.

Ẹ tún wo “dry”. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé “dry fish”, “The fish is dry” àti “Dry the fish”. Ní tiwa, “ẹja gbígbẹ” ni àkọ́kọ́, nítorí a ti ṣe àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì “gbẹ”, a sì fi “í” sí i. “Ẹja náà gbẹ” ni èkejì. Ẹ̀kẹta gba ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá: “Sá ẹja náà sóòrùn.” Nígbà mìíràn, ohùn nìkan ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn: “omi náà tutù”, ṣùgbọ́n “omi tútù”.

Síbẹ̀, ipò ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Yorùbá náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni “ẹja” àti “Olúwo”, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ lé “ọjà”, wọ́n ń yán an láìyí padà: “ọjà ẹja”, “Ọjà Olúwo”. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé “fish” ṣáájú “market”, àwa a máa gbé “ẹja” sẹ́yìn “ọjà”. Nítorí náà, kí a má da ìsọ̀rí Gẹ̀ẹ́sì bo Yorùbá lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Lọ́la, wọ́n lè ní kí ọ̀kan nínú wa túmọ̀ ìwé ìlànà fún àwọn ẹlẹ́ja: “Salt the fish before you smoke it.” Ẹni tí ó mọ “salt” sí iyọ̀ nìkan, tí ó mọ “smoke” sí èéfín nìkan, yóò kọ ohun tí kò ní yé ìyá ẹlẹ́ja. Bí ìlànà kò bá sì yé e, ẹja lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, owó a sì gbé. Ohun tí ó yẹ kí a kọ ni: “Ẹ fi iyọ̀ pa ẹja náà lára kí ẹ tó yan án.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.