Fóòmánù ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin: Ọ̀gá Tó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣiṣẹ́

Nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sọ ohun èlò di ọjà, fóòmánù ni ẹni tí àwọn aláṣẹ fi ṣe olórí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ, síbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́, nítorí pé òun ló ń yí sípánà nígbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, tó ń dúró dípò ẹni tí kò bá wá, tó sì ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Ó yàtọ̀ sí máníjà tó ń ti ọ́fíìsì ṣàkóso, ó sì yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, nítorí pé tí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi léèrè. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ju àṣẹ tí wọ́n fún un lọ, ọ̀ràn yìí sì hàn kedere nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní agbègbè Festac Town àti Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ohun tó kó ilé-iṣẹ́ jọ síbẹ̀ kò fara sin. Ìjọba Àpapọ̀ ló kọ́ Festac Town láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, lẹ́yìn èyí tí àwọn ilé náà di ibùgbé ará ìlú. Ní ọdún kan náà ni èbúté Tin Can Island bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry, láti ọdún 1975. Nítòsí èbúté yìí ni Kirikírì, Mile 2 àti ọgbà ilé-iṣẹ́ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin wà, tó fi jẹ́ pé kóró ike, kẹ́míkà àti irin tó bá ti òkè òkun dé kì í rin ìrìn jíjìn kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ní àwọn ọdún tí tírélà dí ọ̀nà Àpápá tó lọ sí èbúté pa, ìsúnmọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, fóòmánù ló sì ń wá iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò máa ṣe nígbà tí ẹrù bá há sójú ọ̀nà.

Ipò náà dàgbà ju Festac lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní ọdún 1896, tí wọ́n sì dá ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ ní Ebute Metta, àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ṣe fóòmánù, díẹ̀díẹ̀ ni ipò náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni alágbẹ̀dẹ ń ṣe níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ló ni ewìrì, òun ló sì ń dá iye owó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí fóòmánù kò ní ohun kan nínú ilé-iṣẹ́ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ yìí kò ṣeé fojú kéré. Nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ tàbí ìdérí ìgò, kóró ike ni wọ́n ń dà sínú àgbá ẹ̀rọ, níbi tí ooru ti ń yọ́ ọ, tí irin oníyípo kan sì ń tì í wọ inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun èlò onírin tí ike yíyọ́ ń dì sínú rẹ̀ kó lè gba àwòrán rẹ̀. Tí iná bá lọ lójijì, ike náà yóò dì mọ́ inú àgbá, ẹni tó bá sì fi ìkánjú tan ẹ̀rọ kí ooru tó padà dé gbogbo ara àgbá lè fọ́ irin oníyípo náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fi í sórí ooru pẹ́ jù yóò jó ike tó wà nínú rẹ̀ di dúdú. Fóòmánù ló ń mọ ìgbà tó tó. Òun ló ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ike àtijọ́ dànù títí èyí tó mọ́ yóò fi jáde, tó sì ń pinnu abọ́ tí wọn yóò tà àti èyí tí wọn yóò lọ̀ padà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí owó iná àwọn oníbàárà ìpele kìn-ín-ní (Band A) gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún wákàtí kílówáàtì kan, àṣìṣe irú bẹ́ẹ̀ ti di ohun tó wọ́n gan-an.

Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà tó kọ nípa ètò ilé-iṣẹ́, dábàá nínú ìwé rẹ̀ *Shop Management* ti ọdún 1903 pé kí wọ́n pín iṣẹ́ fóòmánù fún ènìyàn mẹ́jọ, nítorí pé ó ṣòro kí ẹnìkan ṣoṣo mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí agbára rẹ̀ kò ká owó oṣù ènìyàn mẹ́jọ ní Kirikírì kò rí àyè fún irú àbá bẹ́ẹ̀, ó sì tún fi iṣẹ́ ògbufọ̀ kún iṣẹ́ fóòmánù, torí pé níbi tí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bá ti jẹ́ ará Íńdíà, Ṣáínà tàbí Lẹ́bánọ́ọ̀nù, fóòmánù ló ń sọ àṣẹ rẹ̀ di Pidgin fún gbogbo ènìyàn, di Yorùbá fún àwọn kan, tó sì tún ń sọ ìráhùn wọn di ọ̀rọ̀ tútù kó tó gòkè padà.

Apá tó wúwo jù nínú iṣẹ́ náà ni ààbò. Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí wọ́n bo apá ẹ̀rọ tó lè ṣe ènìyàn léṣe, ó sì kà á léèwọ̀ láti ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò fi ní lè tètè ṣí i láti inú. Agbanisíṣẹ́ ni òfin di ẹrù náà lé lórí, ṣùgbọ́n fóòmánù ló máa ń wà níbẹ̀ ní agogo méjì òru. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú, àwọn ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́ nítorí olè ti di ẹni tí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, yálà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tàbí wọn kò kọ ọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹnu ààlà ni fóòmánù dúró sí. Ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, àwọn fóòmánù dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1941, ṣùgbọ́n òfin Taft-Hartley ti ọdún 1947 yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí òfin ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn láti ṣẹgbẹ́. Òfin Nàìjíríà kò ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: ó ní ẹni tí wọ́n bá kà sí aṣojú aláṣẹ kò gbọdọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bí èyí yóò bá da ìfọkànsìn rẹ̀ rú láàárín aláṣẹ àti ẹgbẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu ní ẹgbẹ́ kan fún òṣìṣẹ́ kéékèèké, wọ́n sì ní òmíràn fún òṣìṣẹ́ àgbà, fóòmánù sì lè bọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe to ipò rẹ̀.

Ohun tó yí ipò náà padà jù lọ ni ti àwọn kásúà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbà láìsí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà kan, fóòmánù lè mú ẹni tó mọ̀ wá síṣẹ́, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Níbi tí agbaṣẹ́ṣe bá ti ń kó òṣìṣẹ́ wá, tó sì ń sanwó fún wọn, fóòmánù kò yàn wọ́n, kò mọ iye tó ń wọlé fún wọn, òun ni yóò sì kọ́ wọn níṣẹ́ ẹ̀rọ lónìí tí ẹlòmíràn yóò fi dé dípò wọn lọ́la.

Ọ̀nà ìgbéga náà ti há. Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba ń ṣe, lè di fóòmánù àgbà, ṣùgbọ́n àga tó wà lókè rẹ̀ ti di ti ẹni tó ní HND tàbí ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1971 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní ọdún 1973 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lo oṣù díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́, fóòmánù ni wọ́n sì sábà ń fà wọ́n lé lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ mọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ rẹ̀ lè padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀, kó sì tún máa bi í léèrè ooru tó yẹ kí àgbá wà.