"A Nà Wọ́n": Èdè Olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Òkèèrè

Bí ọ̀dọ́ kan ní Òkè-Onígbìn bá wí pé "A nà wọ́n," tí ó sì jẹ́ pé Arsenal ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń sọ, ta ni "a" yẹn? Kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Èrò tèmi ni pé ìtàn ni ó sọ ọ́ di ọmọ ilé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á yẹ àpẹẹrẹ méjì wò.

Ní ọdún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ṣẹ́gun Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nídìí rédíò, etí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn fi ń wo bọ́ọ̀lù, bí ìjálá ti ń fi ẹranko han ẹni tí kò wọ igbó rí.

Èkejì ni Kanu Nwankwo, balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1996. Ó wọ Arsenal ní 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú. Kanu nìkan gbá mẹ́ta wọlé kí eré tó parí. Orúkọ ọmọ ilé nínú ìtàn àlejò ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ gbà wọlé. Kanu kúrò ní 2004. Wọn kò bá a lọ, nítorí ìtàn náà ti di tiwọn.

N kò dá ọ̀dọ́ náà lẹ́bi. Kwara United ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí, ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ta ní ń pìtàn wọn fún un? Bí a bá fẹ́ kí ó wí "a" nípa wọn, àfi kí àwa náà pìtàn.