Nọ́ńbà mẹ́ta tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró

Tí fóònù yín bá ní kí ẹ ṣe update, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ARPANET, babańlá íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1980.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní IMP ló ń darí ARPANET. Ìkọ̀ọ̀kan wọn máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, pẹ̀lú nọ́ńbà láti 0 dé 63. Lẹ́yìn 63, ó di 0 padà. Ìròyìn tó dé kẹ́yìn ló ń lé ti àtijọ́ jáde.

Lọ́jọ́ náà, àbùkù ẹ̀rọ ba nọ́ńbà ìròyìn IMP 50 jẹ́. Ìròyìn mẹ́ta wá ń kiri: 8, 40 àti 44. Sọ́fúwíà ní 40 dé lẹ́yìn 8, 44 dé lẹ́yìn 40. Ṣùgbọ́n láti 44 yí ká dé 8, ìṣísẹ̀ 28 péré ni, torí náà 8 tún dé lẹ́yìn 44! Ta wá ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò? Àwọn IMP ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ síra wọn láìsinmi, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi dákú fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kí wọ́n pa IMP kan kí wọ́n tún tàn án kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí àwọn aládùúgbò rẹ̀ á tún kó o fún un. Atúnṣe sọ́fúwíà ló gbà wọ́n: ẹ má ka ìròyìn IMP 50 mọ́.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ lè bàjẹ́ nígbàkigbà. Iṣẹ́ sọ́fúwíà ni láti yẹ ohun tó bá gbà wò kó tó gbà á gbọ́.