Àmì Ara Ìbọn Àtijọ́

Bí ènìyàn bá tú àpótí bàbá-ńlá rẹ̀ ní Itamaga, tí ó bá ìbọn ìléwọ́ kan níbẹ̀ tí ó ti dípáàrà, tí ìdí rẹ̀ ti kán, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́ sọ ni pé, “Ìbọn ogun Ìkòròdú nìyí.” Ogun náà kì í ṣe àlọ́: ní ọjọ́ 29 oṣù March, ọdún 1865, ni àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀gbẹ́ni Glover kó wá láti Èkó lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ìbọn náà ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Kí ẹ tó wò ó, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú rẹ̀. Bí igi kò bá dé ìdí, ẹ̀tù lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí iná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ihò lásán fi hàn pé òkúta ni a fi ń tan iná sí i. Irin bí orí ọmú fi hàn pé ìdérí bàbà ni a ń fi lé e. Ẹ wá àmì. Ọ̀pá àṣẹ méjì tí ó dábùú ara wọn lábẹ́ adé, pẹ̀lú lẹ́tà B, P àti C, jẹ́ ti ilé ìdánwò ìbọn Birmingham, láàárín 1813 àti 1904. Adé lórí V àti lórí GP jẹ́ ti London. ELG nínú àmì bí ẹyin jẹ́ ti Liège ní Belgium. Bí adé bá wà lórí rẹ̀, kò ṣáájú 1893.

Nítorí náà, ìbọn tí ó ní adé lórí ELG kò rí ogun 1865. Ti Birmingham lè rí i, ṣùgbọ́n àmì kì í sọ ẹni tí ó gbé e. Àgbà ilé ni yóò sọ ìyẹn, ẹ tètè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí TOWER tàbí LONDON tí a fín sí i má sì tàn yín jẹ, nítorí àwọn oníṣòwò a máa fín in sára ìbọn Birmingham.

Ẹ má fi yanrìn fá ìpáàrà náà, kí àmì má baà bá a lọ. Ẹ sì fi ọ̀ràn náà tó ọlọ́pàá létí: òfin ìbọn ọdún 1959 kò yọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta pàápàá sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.