Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N KUN FẸ́ŃDÀ TÍ WỌN Ò TÍÌ DÁN WÒ LÁRA ỌKỌ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ̀yin àbúrò tí a jọ ń nájà láti Ìdúmọ̀tà dé Òkè-Àrín, láti Ẹ̀búté-Èrò dé Bàlógun, ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé yín gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn o! Ta ló ń sanwó rẹ̀? Nínú wa níbí, ẹni tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè ní èyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó rà, tàbí kó ní danfo lọ́wọ́ dírẹ́bà tó ń jíṣẹ́ fún un lálaalẹ́. Bí ọkọ̀ yẹn bá fara gbá, àpò wa ni wọ́n ń wá.

Ẹ sì mọ Èkó. Kò sí ọkọ̀ tó lè máa gba Apọ́ngbọ̀n àti Ìdúmọ̀tà kọjá lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ má bó. Ọmọlanke á fi imú gún un, danfo ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi bọ́ńpà gbún un. Bó bá wá di pé fẹ́ńdà wó tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, à ń ra tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó, tàbí kí á ra tuntun tí kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yẹn ló ṣe é. Èyí ẹ̀yìn yìí ni àwọn ọmọ ọjà ń pè ní Táíwàn, bí òmíràn tilẹ̀ ti Ṣáínà wá. Ẹ máa rí i ní Ládípọ̀ ní Múṣin, ní Òwódé Onírin, àti ní ọjà Trade Fair lójú ọ̀nà Bàdágírì.

Èmi ò bú Táíwàn o. Owó rẹ̀ fúyẹ́, kò sì ní àpá ìjàǹbá lára bíi tòkunbọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é, ti iléeṣẹ́ ló wò ṣe é, bí ìgbà tí télọ̀ bá tẹ́ bùbá ẹlòmíràn sílẹ̀ tó fi gé tìrẹ. Bí ihò bóòtù bá yẹ̀ díẹ̀, tí etí rẹ̀ tún wọ́ díẹ̀, gbogbo iwájú ọkọ̀ ti dàrú nìyẹn. Tí ẹ bá sì wò ó níbi tí wọ́n so ó kọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tó mú mi mú bírò ni ọkọ̀ Sienna kan tí àwọn mẹ́rin nínú wa ní Òkè-Àrín dáwó rà láti máa fi kó ọjà. Tírélà gbá a nímú. Dírẹ́bà ra fẹ́ńdà ọwọ́ òsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà, Táíwàn ni gbogbo rẹ̀. Kí iṣẹ́ lè tètè yá, ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà tààrà. Pẹ́ńtà tò wọ́n sórí àgbá, ó kùn wọ́n ní funfun, ó fọ̀ wọ́n dán títí ẹ fi lè wojú yín níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni panẹ́bítà tó gbé wọn lé ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò pa dé. Àlàfo ọwọ́ ọ̀tún kò gba èékánná, ti òsì gba odindi ìka. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, etí rẹ̀ ha fẹ́ńdà, ọ̀dà tuntun sì bó lára méjèèjì.

Wàhálà dé. Wọ́n gbé e padà fún ẹni tó tà á, ó ní dúdú lòun tà, òun ò ta funfun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí oníbàárà bá ra aṣọ funfun lọ́wọ́ wa, tó lọ rẹ ẹ́ sínú aró, tó wá gbé e padà pé kò tó òun ní bùbá, ta ni nínú wa tó máa gbà á? Panẹ́bítà ní fẹ́ńdà ni kò dáa. Ọlọ́jà ní ọkọ̀ ló wọ́. Pẹ́ńtà ní wọ́n ní kóun kùn ún, òun sì ti kùn ún. Owó ọ̀dà lọ, owó iṣẹ́ lọ, àwọn ìyá mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó mílíìkì àti ṣúgà. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó jẹ̀bi mọ́, nítorí wọ́n ti fi òòlù lu fẹ́ńdà ọ̀hún kó lè wọlé. Ká ní wọ́n dán an wò nígbà tó ṣì dúdú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti yé gbogbo wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Mo wá lọ jókòó ti bàbá panẹ́bítà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Bàbá ní ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ, bó tilẹ̀ wó. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka ihò bóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tó ká sọ pé Sienna ni, ẹ sọ ọdún rẹ̀. Sienna ti 1998 sí 2003 yẹn, wọ́n yí ojú rẹ̀ padà ní 2001. Camry tí a ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2011, wọ́n yí iwájú rẹ̀ padà ní 2010. Bọ́ńpà ti ìṣáájú kò ní bá ti ìkẹyìn mu láéláé. Kí ẹ tó ka owó lé e lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ kó gbọ́, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sí rìsíìtì, pé ẹ máa dán an wò lára ọkọ̀, bí kò bá bá a mu, ẹ máa dá a padà láìkùn. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe wà lẹ́yìn wa lórí èyí: ó fún oníbàárà láyè láti yẹ ọjà wò, kó sì dá èyí tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó sọ fún ọlọ́jà padà. Àwa náà ń tajà, ẹ jẹ́ kó yé wa lọ́nà méjèèjì.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ panẹ́bítà, kó má fọwọ́ kan ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ o. Kó gbé fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà, gíríìlì àti iná iwájú lé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má dì wọ́n le. Bàbá tẹnu mọ́ èyí gan-an. Fẹ́ńdà nìkan lè jókòó dáadáa, tí iná bá dé ibẹ̀, ó di pé àyè ò sí. Kó fọwọ́ rọra sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, kó má là á mọ́lẹ̀, torí bí ìkọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ tó sì há, fífọ́ ni wọ́n máa fọ́ ọ ṣí. Kó rọra ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ ká páálí mílíìkì, kí ẹ fà á gba inú àlàfo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi wé ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọn ò gbá. Àwa tí a ń ta aṣọ, ojú wa mọ̀ bí etí bá wọ́.

Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n tú bóòtù díẹ̀ kí wọ́n sún un ni, kò sí wàhálà. Bí panẹ́bítà bá ní kí wọ́n lọ pe wẹ́dà, tàbí kí wọ́n fẹ ihò, ẹ tú u, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kí ẹ tó lọ bá ọlọ́jà jà, ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa okùn láti igun iwájú ọwọ́ ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, kí ẹ tún fa okùn kan náà láti òsì dé ọ̀tún. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ọkọ̀ ló wọ́, ó sì yẹ kí wọ́n fà á nà ná, nítorí fẹ́ńdà iléeṣẹ́ gan-an kò ní jókòó síbẹ̀. Okùn yìí lójú tèmi ló dáa jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìjà àwọn mẹ́ta tí mo sọ lókè yẹn, okùn kan ì bá ti parí rẹ̀.

Ẹ sì má rò pé ẹwà nìkan là ń wá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ìkọ́ rẹ̀ kò mú dáadáa, bó bá ṣí lórí eré ní Third Mainland, ojú gíláàsì ló máa bò, dírẹ́bà ò ní rí nǹkan kan mọ́. Àwọn ọmọ wa ló ń wọ ọkọ̀ yẹn.

Òyìnbó náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, láti 1987 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CAPA, tó ń yẹ irú ẹ̀yà báyìí wò, tí wọ́n sì ń gbé e lé ara ọkọ̀ gan-an kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ kan ní Illinois ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò State Farm san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lórí irú ẹ̀yà yìí, kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà tó fagi lé e ní 2005.

Panẹ́bítà á ráhùn pé iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, pé òun á gbé e lé, òun á tún tú u. Òótọ́ ni. Ẹ san owó rẹ̀ fún un, kò tó owó ọ̀dà. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, kó fi ìṣó fa ìlà yí ojú bóòtù ká, kó lè mọ ibi tó máa dá wọn padà sí. Lẹ́yìn èyí ni kó tú wọn, kí pẹ́ńtà tó fi sánpépà kàn án. Kí pẹ́ńtà kun inú àti etí pẹ̀lú, kì í ṣe ojú nìkan, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà Erékùṣù yìí iyọ̀ ni, etí tí kò ní ọ̀dà ni ìpẹtà ti ń wọlé. Bọ́ńpà oníke ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n bá fi ti irin sí i, yóò ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ̀yin onídanfo, ìlà dúdú méjì tó wà lára yẹ́lò yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á nílẹ̀ o. Ara ọkọ̀ ni kí wọ́n ti fà á, nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní pípadé.